Ìtàn Ìfọ̀nyìn Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Abẹ́lé

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàrin àwọn òbí, olùkọ́ àti aláṣẹ ní Ìfọ̀nyìn, ìlú kan ní orílẹ̀-èdè Benin tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ifangni. Wọ́n gbà pé ilé ìwé ìjọba kọ́ ni ibi tó yẹ kí ọmọ ti kọ́ ìtàn àti àṣà àwọn baba ńlá rẹ̀. Àwọn tó ní èrò yìí kì í ṣe ọ̀tá ìbílẹ̀ rárá. Àńágó, ẹ̀ka èdè Yorùbá kan, ni wọ́n ń sọ nílé, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ oríkì ṣeré níbi ìnáwó. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ohun tó kan gbogbo orílẹ̀-èdè ni kí ìjọba náwó lé: èdè Faransé, ìṣirò, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìtàn Benin. Ní ti ìtàn ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ti Àńágó, ti Ègùn, ti Tọ̀rí, kí kálukú lọ bá àgbà ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́ létí, ó sì dà bí ẹni pé kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Èmi kò gbà á. Kò sí ohun tó ń jẹ́ ìtàn Benin tí kì í ṣe ìtàn àwọn ènìyàn kan ní ibì kan. Ètò ẹ̀kọ́ tó bá fo Ìfọ̀nyìn kò dúró láàrin méjì. Ó ti yan ẹni tí a ó gbọ́ ohùn rẹ̀ àti ẹni tí yóò dákẹ́.

Ẹ wo ohun tí orílẹ̀-èdè yìí fi ń ṣàfihàn ara rẹ̀ níta gbangba. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 tí àwọn ọmọ ogun Faransé kó ní ààfin Àgbómẹ̀, olú ìlú ọba Dàhòmì, ní 1892 padà wálé láti Paris. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba ṣí ère ńlá obìnrin jagunjagun Dàhòmì ní Kùtọnú, ère tó ga tó 30 mítà. Ìdùnnú ńlá ni méjèèjì jẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí ìmúnisìn fi ojú wa rí, n kò sì ní í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí wọn. Ṣùgbọ́n ìtàn Àgbómẹ̀ gan-an kò lè pé bí a bá yọ àwọn aládùúgbò rẹ̀ kúrò. Ìjọba yẹn san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọgọ́rùn-ún ọdún kan, kí ọba Gezo tó já okùn náà ní nǹkan bíi 1823. Ọmọ ogun rẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta ní 1851 àti ní 1864, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sì lé e padà. Ní 1886, nígbà ayé ọba Glele, ogun yẹn fọ́ Kétu túútúú, ó sì kó àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú. Kétu àti Ìfọ̀nyìn, inú ẹkùn Plateau kan náà ni wọ́n wà lónìí. Bí ọmọ ẹkùn yìí bá mọ orúkọ àwọn ọba Àgbómẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò sì mọ ohun tí apá ọ̀dọ̀ tirẹ̀ rí lọ́wọ́ wọn, ìtàn ẹlòmíràn ni ó kọ́, a kàn pe orúkọ rẹ̀ ní ìtàn gbogbo wa ni.

Bí a bá wá kúrò lórí ogun àwọn ọba, ohun tó ṣe Ìfọ̀nyìn ní ìlú ẹnu ààlà ló kàn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan tó pín ilẹ̀ tó wà láàrin Èkó àti Àjàṣẹ́. Kò sí ọba Àńágó, ọba Kétu tàbí àgbà Ọ̀họ̀rí kankan tí wọ́n pè sí ìjókòó náà. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹbí kan náà ti di ọmọ orílẹ̀-èdè méjì: Ìfọ̀nyìn wà lábẹ́ Faransé, Ìfọ̀nyìntẹ̀dó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní Nàìjíríà lónìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, gbé ìwé odindi kan jáde ní 1976 lórí bí ìjọba òyìnbó méjèèjì ṣe tukọ̀ ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Yorùbá láti 1889 dé 1945. Ó ṣàlàyé iṣẹ́ àfipáṣe àti bí Faransé ṣe ń fipá mú àwọn ọ̀dọ́ wọṣẹ́ ológun nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi sá gba ìhà Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ó ṣàlàyé bí àwọn Ọ̀họ̀rí ní ìhà Pọ́bẹ̀ ṣe dìde ogun sí Faransé ní 1914 àti 1915. Ìtàn àwọn tó kọ ìyà nìyẹn, ìtàn tí orílẹ̀-èdè èyíkéyìí yóò máa fi yangàn. Inú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ yunifásítì ló wà. Kò sí nínú àpò ìwé ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé ìwé ní Ìgóló.

Bẹ́ẹ̀ ọmọ Ìgóló gan-an ló nílò rẹ̀ jù. Ìgóló ni ẹnu ibodè tó dojú kọ Ìdí-Ìrókò, ibẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹrù àti ènìyàn ń gbà kọjá. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ó di oṣù Kẹrin ọdún 2022 kí àṣẹ tó jáde pé kí wọ́n ṣí Ìdí-Ìrókò padà. Láàrin àkókò yẹn, àwọn ọmọ rí ọjà tó dá, wọ́n rí ìyá tí kò lè lọ bá ọmọ ìyá rẹ̀ ṣe ìkómọ láìsí wàhálà, wọ́n rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ẹ̀mí wewu lójú ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ta ló jókòó tì wọ́n ní kíláàsì láti sọ ìgbà tí wọ́n fa ìlà yìí, ẹni tó fà á, àti ìdí tí ìbátan fi wà ní òdì kejì? Ọmọ tí a kò bá sọ fún á dá ìdáhùn sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Yóò rò pé ibodè ti wà láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé, pé àjèjì ni ará Ìpókíá ní ìhà Nàìjíríà, tàbí pé ìlú tirẹ̀ kò ní ohun mìíràn ju fàyàwọ́ lọ. Ohun tí ìlú kan rò nípa ara rẹ̀ ló ń pinnu ohun tí yóò béèrè lọ́wọ́ ìjọba, ìdí nìyí tí n kò fi lè ka ọ̀rọ̀ yìí sí eré àṣà lásán.

Ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ jù ni òwe tí gbogbo wa mọ̀, pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Wọ́n ní kí a fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún ilé. Àrọ́bá a máa ṣiṣẹ́ níbi tí ọmọ àti àgbà bá ti ń lo àkókò pọ̀. Ilé ìwé ti gba òwúrọ̀ àti ọ̀sán ọmọ. Iṣẹ́ àṣetiléwá, omi pípọn àti ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ló pín ìyókù. Ohun tí ìdánwò àṣejáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò bá béèrè, ọmọ kì í kà á sí ìmọ̀, òbí pàápàá kì í sì í sanwó lẹ́sìnnì lé e. Ṣùgbọ́n àìsí àkókò kọ́ ni olórí àléébù èrò yìí. Ká tilẹ̀ ní gbogbo ilé ní Ìfọ̀nyìn ń ṣe ojúṣe rẹ̀ lálaalẹ́, ilé Àńágó yóò kọ́ ọmọ Àńágó ní ti Àńágó, ilé Ègùn yóò kọ́ tirẹ̀ ní ti Ègùn, Tọ̀rí yóò kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ti Tọ̀rí. Ta ni yóò kọ́ ọmọ ní ìtàn aládùúgbò rẹ̀? Kò sí ìdílé kan tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ilé ìwé tí gbogbo ọmọ jọ ń lọ nìkan ló lè ṣe é.

Àwọn Sikh ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀jẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ilẹ̀ Punjab ní Íńdíà ni ìran wọn ti wá, ẹ̀sìn wọn sì dá dúró, kì í ṣe Ìsìláàmù, kì í ṣe ti Híńdù. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń dáko ní California, wọ́n sì ti ní ilé ìjọsìn ní ìlú Stockton láti 1912. Nínú ilé, wọn kò fi ìtàn wọn du ọmọ wọn: ọmọ Sikh mọ ìdí tí baba rẹ̀ fi ń wé láwàní tí kì í sì í gé irun. Aládùúgbò ni kò mọ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìkọlù New York, ọkùnrin kan tó ń wá ẹni tí yóò gbẹ̀san lára rẹ̀ rí láwàní lórí Balbir Singh Sodhi níwájú ilé epo rẹ̀ ní ìlú Mesa, ní Arizona, ó sì yìnbọn pa á. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ẹlòmíràn wọ ilé ìjọsìn wọn ní Oak Creek, ní Wisconsin, ó pa ènìyàn mẹ́fà lọ́jọ́ náà. Àwọn Sikh kò sọ pé kí kálukú máa kọ́ ọmọ tirẹ̀ nílé. Wọ́n tọ àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ ìjọba lọ, ìpínlẹ̀ bíi California àti Texas sì ti fi wọ́n sínú ètò ẹ̀kọ́ ilé ìwé. Kì í ṣe pé kíláàsì kan lè gba ìbọn lọ́wọ́ apànìyàn. Ohun tí mo ń wí ni pé ìmọ̀ tí kò bá kúrò nínú ilé ẹni kò lè dáàbò bo ẹni níta.

Èyí mú mi dé orí àtakò tó wúwo jù, pé ìtàn ẹ̀yà ní ilé ìwé yóò tú Benin ká. N kò fojú kéré ìbẹ̀rù yìí, nítorí ó ní orísun. Láti òmìnira 1960 títí di 1972, ìṣèlú Dàhòmì, bí wọ́n ṣe ń pe Benin nígbà yẹn, pín sí mẹ́ta: Maga ní àríwá, Ahomadégbé ní Àgbómẹ̀, Apithy ní Àjàṣẹ́. Ìjà wọn le débi pé ní 1970 wọ́n ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa gba ipò olórí lọ́wọ́ ara wọn lọ́dún méjì méjì, kí ológun tó fọ́ ètò náà ká ní oṣù Kẹwàá ọdún 1972. Ṣùgbọ́n irú ilé ìwé wo ni àwọn olóṣèlú yẹn àti àwọn tó tẹ̀ lé wọn gbà kọjá? Ilé ìwé Faransé ni, ibi tí ìtàn ìlú aláwọ̀ funfun ti gba gbogbo àyè. Bí fífi ìtàn ìbílẹ̀ pamọ́ bá lè so orílẹ̀-èdè pọ̀, ìran yẹn ni ì bá wà ní ìṣọ̀kan jù lọ. Àìmọ ara ẹni kò gbà wọ́n lọ́wọ́ ìpínyà. Àwọn tó kọ òfin orílẹ̀-èdè ti oṣù Kejìlá ọdún 1990 mọ èyí, ìdí nìyẹn tí ìpín 11 fi fún gbogbo àwùjọ tó para pọ̀ di Benin ní òmìnira láti lo èdè wọn, kí wọ́n sì gbé àṣà wọn lárugẹ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún ti ẹlòmíràn. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì. Kò sí bí mo ṣe lè bọ̀wọ̀ fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi hàn mí.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí ilé ìwé Ìfọ̀nyìn di ibi tí a ó ti máa kọrin ògo Yorùbá, kò sí lẹ́yìn mi. Ìjọba ìbílẹ̀ yìí, láti Bànígbé dé Dàágbé dé Ìgóló, ilé Àńágó, Ègùn àti Tọ̀rí ni, ìtàn gbogbo wọn ló yẹ kó wọlé. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìtàn tó ní egungun. Ọ̀nà òwò Ọ̀yọ́ sí Àjàṣẹ́ gba ilẹ̀ Àńágó kọjá ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, Ọ̀yọ́ sì ní ọwọ́ nínú bí àwọn ìlú kan ṣe tẹ̀dó lójú ọ̀nà náà. Ẹrú wà lára ohun tí wọ́n ń kó gba ibẹ̀ lọ sí etí òkun. Àwa náà wà nínú àwọn tó tà, a sì wà nínú àwọn tí wọ́n tà. Àrọ́bá ilé kì í fẹ́ sọ apá àkọ́kọ́ yẹn, nítorí ìdílé kò fẹ́ tú ìdí ara rẹ̀ síta. Ìwé ẹ̀kọ́ tí onímọ̀ yẹ̀ wò ló lè sọ ọ́ láì ṣojúsàájú. Ẹni tó ń bẹ̀rù ìgbéraga ẹ̀yà, ilé ìwé ló yẹ kó sá tọ̀.

Ohun kan tún wà tí ó ń dùn mí púpọ̀. Ní Brazil, òfin 10.639 ti oṣù Kìíní ọdún 2003 sọ ọ́ di dandan fún ilé ìwé láti kọ́ ọmọ ní ìtàn àti àṣà Áfíríkà àti ti àwọn aláwọ̀ dúdú Brazil. Ẹ̀ka tó gbajúmọ̀ jù nínú ẹ̀sìn Candomblé níbẹ̀ ń jẹ́ Ketu, orúkọ ìlú tó wà lẹ́bàá wa ní Plateau. Ó túmọ̀ sí pé òfin ti ṣílẹ̀kùn fún ọmọ ìlú Salvador ní Brazil láti gbọ́ ohun tí Kétu jẹ́ lẹ́nu olùkọ́ tí ìjọba ń sanwó fún, nígbà tí ọmọ Ìfọ̀nyìn ń dúró kí bàbá bàbá rẹ̀ ráyè. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ńkọ́? UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún ìran ènìyàn, tí Benin, Nàìjíríà àti Togo jọ ni. Àwọn aṣojú wa lọ jẹ́rìí sí i níwájú ayé pé ó ṣe iyebíye. Ohun tó bá ṣe iyebíye tó bẹ́ẹ̀ lójú àjèjì kò lè jẹ́ ohun tí kò tó kọ́ ní kíláàsì lábẹ́ igi tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń jó.

Àwọn mìíràn á ní Faransé ló ń fúnni níṣẹ́, pé kí a má fi àkókò ọmọ ṣòfò. Ẹ̀rí kò tì wọ́n lẹ́yìn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lára wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn tó gba ọ̀nà àtijọ́ lọ. Mo mọ̀ pé wọn yóò fi Nàìjíríà òde òní dá mi lóhùn, nítorí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ wọ́gi lé ìlànà 2022 tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìlànà tí wọn kò tẹ ìwé fún, tí wọn kò kọ́ olùkọ́ fún, kí ló fẹ́ bí? Orílẹ̀-èdè yẹn kan náà ló yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò nínú ètò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó tún padà wá dá a sípò nígbà tó rí i pé àwọn ọmọ kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Kí Benin má ṣe rin ìrìn àlọ yẹn kó tó mọ̀ pé àbọ̀ wà ńbẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ohun tí mo ń béèrè kò tó ìyípadà èdè ẹ̀kọ́. A lè kọ́ ìtàn Ìfọ̀nyìn ní èdè Faransé bí olùkọ́ bá jẹ́ ọmọ Natitingou ní àríwá; ohun tó ṣe kókó ni kí a kọ́ ọ.

Lórí ti pé èdè pọ̀ jù, ìjọba fúnra rẹ̀ ti mú Yorùbá mọ́ àwọn èdè díẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ ìgbìdánwò ní ilé ìwé láti 2013. Lórí bóyá ká kọ ɔ bíi ti Benin tàbí ọ bíi ti Nàìjíríà, ọmọ lè mọ méjèèjì láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ kò nira. Ẹ̀kọ́ kan ti wà nínú ètò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní éducation sociale. Kí iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́ ya táàmù kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ ní ọdún méjì tó kẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ìtàn àti àṣà àgbègbè, kí ìbéèrè lórí rẹ̀ sì wà nínú ìdánwò àṣejáde. Kí àwọn onímọ̀ ìtàn ní Yunifásítì Abomey-Calavi bá àwọn àgbà Àńágó, Ègùn àti Tọ̀rí jókòó, kí wọ́n kọ ìwé kékeré fún olùkọ́, pẹ̀lú àdéhùn 1889, ọ̀nà òwò Àjàṣẹ́, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti bí ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe tẹ̀dó. Láti ìgbà tí òfin 1999 ti fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní agbára, àwọn ni wọ́n ń kọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń tún un ṣe, tí wọ́n ń ra àga sí i. Ẹni tí a fọkàn tán pẹ̀lú òrùlé, ẹ fọkàn tán an pẹ̀lú táàmù kan. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ òbí ní Ìfọ̀nyìn, Lagbè, Tchaada àti Ko-Koumolou, ẹ máa ń kọ̀wé nígbà tí olùkọ́ kò bá tó, ẹ sì máa ń dá owó nígbà tí kíláàsì bá ń jò. Ẹ kọ ìwé kan sí i lọ́dún yìí, ẹ mú un dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ àti ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin tí ẹ dìbò fún, ẹ ní kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ yín ní ìtàn ilẹ̀ tí ilé ìwé náà dúró lé.